Kọ́tìnì Tí À Ń Pè Ní Ìyá

Ẹ gbé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń lu ògiri yẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ wá jókòó. Dámilọ́lá, bọ́ síbí. Tóbi, ìwọ jókòó sórí àtẹ̀gùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n má tíì fọwọ́ kan irin tó wà lókè ilẹ̀kùn yẹn. Mo mọ̀ pé ire lẹ bá wá. Ẹ ti ra kọ́tìnì, ẹ ti ra rọ́ọ̀gì onírun tí ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀, ẹ gbé fìtílà kékeré mẹ́ta wá pẹ̀lú àbẹ́là tó ń ta sánsán bí ọsàn. Ẹ ti kó ẹrù inú kọ́bọ́ọ̀dù mi sínú àpò dúdú méjì kí àyè lè wà. Ẹ ní ilé Bàbá Àgbà gbọ́dọ̀ gbóná lọ́dún yìí, kó sì rẹwà. Mo dúpẹ́. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni mo ní kí ẹ fi sílẹ̀, inú yín sì bàjẹ́.

Mo gbọ́ ohun tí Dámilọ́lá sọ fún ìyá yín lórí fóònù nínú kíṣìnì. Etí mi kò tíì di. Ó ní, "Mummy, he's doing it again. Gbogbo ilé ló jẹ́ ká ṣe, àfi front door. Draught yẹn lè pa èèyàn, I swear down. Àbí Grandpa kàn ń ṣahun ni?" Ahun kọ́, ọmọ mi. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí irin yẹn ti wà lófìfo, tí òtútù ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn wọlé bá mi, èmi ni mo sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Bí mo bá sọ ọ́ tán, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún mi bóyá ó yẹ kí ẹ gbé nǹkan kọ́ síbẹ̀.

Nígbà tí èmi àti Màmá Àgbà yín kó láti Peckham wá sí Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀n níbí, ilé yìí kò rí báyìí rárá. Fèrèsé onígíláàsì kan ṣoṣo ló ní, irin ni wọ́n sì fi ṣe etí rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lásìkò òtútù, omi á ti ṣàn lára gíláàsì náà dé ìsàlẹ̀, àwa á máa fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún. Nígbà mìíràn omi náà á ti dì gbagidi. Nínú ilé o, nínú yàrá tí èèyàn sùn sí. Bùnmi, ìyá yín, kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà, á máa fi èékánná yàwòrán sára yìnyín yẹn. Kò sí rédíétọ̀ kankan, irin ara ògiri tí omi gbígbóná ń gba inú rẹ̀ yẹn. Hítà kan ṣoṣo la ní, oníkẹrosíìnì, tí àwọn òyìnbó ń pe epo rẹ̀ ní páráfìn. Tí mo bá ṣáná sí i, á kọ́kọ́ ṣe pù, lẹ́yìn náà irin rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, bó ṣe ń gbóná. Ìró yẹn là ń gbọ́ tí ara wa fi ń balẹ̀. Títí dòní, tí nǹkan bá dún bẹ́ẹ̀ níbì kan, ọwọ́ mi á ṣàdédé nà síwájú láti yá iná.

Yàrá kan ni hítà kan mọ. Gbogbo ohun tí à ń ṣe, ìdí rẹ̀ la ti ń ṣe é: irun dídì, iṣẹ́ ilé ìwé, àdúrà, oúnjẹ, ìjà. Ẹni tó bá bínú kò ríbi lọ. Tí èmi àti Màmá Àgbà yín bá jà, tí mo fìbínú jáde lọ sí yàrá kejì, n kì í lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ níbẹ̀. Màá padà wá, eyín mi á máa gbá ara wọn. Òun á sún fún mi láìsọ nǹkan kan, èmi náà á jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ìjà wa ṣe ń parí. Lónìí yàrá mẹ́rin ló gbóná nínú ilé yìí. Mo lè wọ èyí tó bá wù mí kí n máa bínú níbẹ̀ títí ọdún á fi yípo, kò sẹ́ni tó máa sún fún mi.

Iṣẹ́ òtútù pọ̀ nígbà náà. Láti oṣù kẹsàn-án la ti ń ká ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́, tí a ń fi ọ̀bẹ tì í bọ àlàfo etí fèrèsé. Màmá Àgbà yín á rọ omi gbígbóná sínú ìgò rọ́bà, á fi ìbọ̀sẹ̀ mi tó ti gbó wọ̀ ọ́ láṣọ, á tì í sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì Bùnmi. Aṣọ àdúrà wa, iwájú hítà la ń sá a sí. Ẹ mọ̀ pé ìjọ aláṣọ funfun ni wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan mo fa sùtánà mi sún mọ́ iná jù, ìdí rẹ̀ sì jó, ó pọ́n bíi búrẹ́dì tó pẹ́ jù nínú iná. N kò ní òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì wa wo ìdí aṣọ náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ti dé ọ̀run àpáàdì kí ẹ tó padà bọ̀ ni?" Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, àdúrà fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ìyá òyìnbó kan wà nílé kejì, opó ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀. Àwa kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí òtútù ti wù kó mú tó, ìyá yìí á máa wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ojú fèrèsé rẹ̀ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré láti ẹnu ọ̀nà yìí dé inú mọ́tò. Ó wò wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lọ́jọ́ kan ó kan ilẹ̀kùn, ó gbé àpò kan lé Màmá Àgbà yín lọ́wọ́, ojú ń tì í. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ni, fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun ún. Ó rò pé a ò ní bàtà ni. Màmá Àgbà yín kò ṣàlàyé kankan. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, ẹ̀rù sì ba ìyá òyìnbó, ó rò pé ó fẹ́ dákú. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Àwọn tó ń gbé ilé yẹn báyìí, ọdún kẹta wọn rèé, n kò mọ orúkọ wọn.

Ilẹ̀kùn yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun ni ọ̀tá wa. Ẹ wò ó, tí èèyàn bá wọlé báyìí, àtẹ̀gùn ló kọ́kọ́ kàn. Afẹ́fẹ́ á gba ihò lẹ́tà wọlé, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn, á gun àtẹ̀gùn lọ bá wa lórí bẹ́ẹ̀dì. Màmá Àgbà yín ló rí ọgbọ́n dá sí i. Ó ra aṣọ àrán pupa kan, ó jókòó ti máṣíìnì rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó rán kọ́tìnì kan tó wúwo débi pé mo ní láti lọ wá irin tó nípọn, mo fi ìṣó mẹ́fà kàn án mọ́ ògiri. Irin náà lẹ̀ ń wò yẹn. Tí kọ́tìnì yẹn bá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, afẹ́fẹ́ kì í kọjá. Ariwo mọ́tò ìta pàápàá á rọlẹ̀.

Ìyá ló ń pè é. Kò pè é ní kọ́tìnì rí. Lọ́jọ́ Àìkú tí ìjọba bá dá aago gbogbo ìlú padà sẹ́yìn ní wákàtí kan nínú oṣù kẹwàá, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á ní, "Bàbá Bùnmi, ó tó kí Ìyá wálé o." Màá gun àga, òun á máa nà án sí mi láti ìsàlẹ̀, Bùnmi á di etí rẹ̀ mú kó má bàa wọ́lẹ̀. Tí mo bá kọ́ ọ tán, òun á fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ káàbọ̀." Bùnmi náà á ní, "Ìyá, ẹ káàbọ̀." Lẹ́yìn náà la tó ń jẹun. Nígbà tí oòrùn bá padà dé, á sá a síta, á ká a, á gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù, á ní Ìyá ti lọ sinmi.

Èmi rò pé àwàdà ni. Ẹ̀yin náà ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀: ìkòkò tó bá tóbi jù nínú ilé, ìyá ìkòkò la ń pè é; àpò tó bá ju àpò lọ, ìyá àpò ni. Kọ́tìnì yìí tóbi, ó wúwo, kò sí èyí tó tó o nínú ilé. Mo ní ìyá kọ́tìnì ló ń wí. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, mo tilẹ̀ máa ń dọ̀bálẹ̀ fún un kí Bùnmi lè rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló ní lọ́kàn.

Nígbà tó yá, nǹkan dẹrùn. Níbi tí mo ti ń wa bọ́ọ̀sì, wọ́n sọ mí di ọ̀gá àwọn awakọ̀. Wọ́n yọ fèrèsé irin kúrò nílé yìí, wọ́n fi onígíláàsì méjì dípò rẹ̀, wọ́n fa páìpù yí ilé ká, rédíétọ̀ dé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé hítà kẹrosíìnì jáde, mo ń kọrin. Ìgbà yẹn ni ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í wù mí. Mo ń ṣí ìwé tó ní àwòrán ilé àwọn olówó, mo ń lọ dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga. Mo ra àga aláwọ̀ wàrà, mo ra rọ́ọ̀gì tó bá a mu, mo kun gbogbo ògiri ní funfun. Lọ́dún yẹn, wòlíì àti àwọn alàgbà ní àwọn ń bọ̀ wá bá wa ṣe ìdúpẹ́ nílé lẹ́yìn ìkórè. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ojú àlejò wo ilé mi, mo wá rí kọ́tìnì pupa yẹn. Ó ti ṣá, etí rẹ̀ ti dúdú. Mo ní èyí kò bá ilé yìí mu mọ́.

Màmá Àgbà yín wà níbi iṣẹ́ lọ́hùn-ún ní Longbridge, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo yọ kọ́tìnì náà. Mo kì í bọ àpò dúdú, àpò náà ya, mo tún kì í bọ òmíràn. Mo rántí pé mo dúró láti mí, mo ní, "Kí ló wà nínú aṣọ yìí gan-an?" Mo béèrè o. N kò wò ó. Mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò, mo gba ọ̀nà A13 lọ sí ààtàn, mo jù ú sínú àpótí irin ńlá kan láàárín tìmùtìmù àti kápẹ́ẹ̀tì tó ti jẹrà. Mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀, gbì. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo yà ra kọ́tìnì tuntun, aláwọ̀ eérú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo kọ́ ọ, mo jókòó, mo ń retí kí ìyàwó mi wá yìn mí.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tó dé. Ó ṣílẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ kan aṣọ fẹ́lẹ́ náà, ó dúró.

"Bàbá Bùnmi, Ìyá dà?"

Mo ní, "Mo ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Wo tuntun. Àwọn wòlíì ń bọ̀, a ò lè máa kọ́ àkísà sẹ́nu ọ̀nà."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ibi tí Tóbi jókòó sí yẹn gan-an, kóòtù lọ́rùn, báàgì lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá mi lẹ gbé lọ dà nù yẹn."

Kò yé mi. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹ̀yin ò mọ kíjìpá. Aṣọ òwú ni, tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń hun lórí òfì tí wọ́n gbé ti ògiri nínú ilé. Ó nípọn, ó le, ìyá lè lò ó kí ọmọ tún lò ó. Nígbà tí Màmá Àgbà yín fẹ́ tẹ̀ lé mi wá sí ìlú òyìnbó, ìyá rẹ̀ gbọ́ pé òtútù wà níbí. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ kóòtù. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ ran òwú, ó jókòó ti òfì, ó hun kíjìpá kan fún un, ó ní kó máa fi bora kí òtútù má bàa mú un. Ọdún kejì tí a débí ni ìyá náà kú. Oyún Bùnmi ti wọ oṣù kẹjọ, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Kò rí òkú ìyá rẹ̀, kò bá wọn sin ín. Kíjìpá yẹn nìkan ló kù fún un.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi rán an mọ́ inú kọ́tìnì? Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n gbé e kúrò lójú àlejò."

Ó rán mi létí. Ní Peckham, nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó tẹ́ kíjìpá náà sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ọ̀rẹ́ mi kan wọlé, mo sì sọ lójú rẹ̀ pé, "Gbé aṣọ oko yìí kúrò níbí jàre, Lọ́ńdọ̀n la wà." Èmi ti gbàgbé. Òun kò gbàgbé. Nítorí náà, nígbà tó fẹ́ rán kọ́tìnì, ó tẹ́ kíjìpá náà sí àárín, ó fi àrán pupa bò ó lójú, ó fi aṣọ dúdú bò ó lẹ́yìn. Ó fẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ tó hun aṣọ náà fún, kí ojú má sì ti ọkọ òun.

Mo sáré padà sí ààtàn. Wọ́n ti ń ti géètì. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní ọkọ̀ ti wá gbé àpótí yẹn lọ láago mẹ́ta. Mo bẹ̀ ẹ́, ó jẹ́ kí n wo inú àwọn tó kù, mo wò wọ́n tán. Lọ́jọ́ kejì mo tún lọ. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé, pé kò sí bí mo ṣe máa rí i mọ́.

Àwọn wòlíì wá, wọ́n ní ilé wa dára púpọ̀. Màmá Àgbà yín gbé oúnjẹ fún wọn, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Kò bá mi jà. Ì bá bá mi jà, ì bá sàn fún mi. Ilé ti gbóná láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí hítà tí a máa jọ jókòó tì kó tó sún fún mi. Mo yọ kọ́tìnì aláwọ̀ eérú yẹn lọ́sẹ̀ náà, n kò sì gbé òmíràn kọ́ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún dá aago padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo dúró lábẹ́ irin yẹn, mo ń retí kó sọ̀rọ̀. Ó kọjá lára mi lọ sí kíṣìnì. Kò tún dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí di ọdún tó kẹ́yìn láyé rẹ̀.

Ẹ mọ bí ọdún yẹn ti rí. Ó ń gbàgbé nǹkan, orúkọ àbúrò rẹ̀ ló ń pe Dámilọ́lá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó tì í nínú yàrá. Rédíétọ̀ gbóná débi pé mo ti bọ́ súwẹ́tà mi. Ó ní òtútù ń mú òun. Mo fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Ó ní, "Ẹ lọ gbé Ìyá wá fún mi. Ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù."

Ó ti gbàgbé ohun tí mo ṣe. Èmi nìkan ló kù láyé tó rántí rẹ̀, torí a kò sọ ọ́ fún ìyá yín rí, n kò sì lè la ẹnu sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń wo òkè bí ẹni pé ó lè wà níbẹ̀. Mo mú bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun tí ìyá yín rà fún wa ní Kérésìmesì, òun ló dára jù nínú ilé. Mo tẹ́ ẹ lé e lórí. Mo ní, "Ìyá rèé."

Ó fọwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bó ti máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Èyí kọ́."

Ó wo ojú mi, ó pẹ́ tó ń wò mí. Lẹ́yìn náà ó fa bùláńkẹ́ẹ̀tì náà bo ọrùn, ó ní, "Ó gbóná. Ẹ ṣeun, Bàbá Bùnmi." Ó sì sún díẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n lè ráyè jókòó.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ kí òtútù máa gba ibẹ̀ wọlé. Ó ń dùn mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo ti dàgbà tó yìí, ó ń dùn mí lójoojúmọ́.

Mo rí i pé Tóbi ti yọ bátìrì ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi irin yẹn sílẹ̀ fún mi níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì wà; lẹ́yìn mi, ẹ gbé ohun tó bá wù yín kọ́ síbẹ̀. Dámilọ́lá, nu ojú rẹ. Àpò dúdú méjì tí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí ẹ fẹ́ lọ kó dà nù, gbé wọn padà wá. Nígbà tí o ń gbé èkejì sọ̀kalẹ̀ láàárọ̀, mo rí i pé èjìká rẹ tẹ̀. Ọmọ mi, kí ló wà nínú rẹ̀? Tú u. Ẹ jẹ́ ká wò ó.